'Dádì, ife yín rèé': Bí ìṣó mẹ́rin ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ da àárín bàbá àtọmọ rú l'Amẹ́ríkà

Tí wọ́n bá sọ fún ọkùnrin yìí nígbà tó wà ní Mushin pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìṣó mẹ́rin péré, ìṣó tí ò gùn tó ìka ọwọ́, máa gba oorun lójú òun, yóò ní kẹ́ni náà máa bá tiẹ̀ lọ. Ìṣó kẹ̀? Ọkùnrin tó ti tú ẹ́ńjìnì Peugeot 504 palẹ̀, tó tún un tò padà, tí mọ́tò sì gbéra lọ s'Íbàdàn lọ́jọ́ kejì! Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìṣó mẹ́rin yìí náà ló gbomi lójú ẹ̀ nílùú Houston, l'Amẹ́ríkà, nínú oṣù kejì, ọdún 2023. Ìṣó ò gún un lọ́wọ́ o. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló sọ̀rọ̀ kan sí i.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì lọkùnrin náà kọ́ l'Ékòó kó tó jẹ físà lọ́tìrì, tó sì gba Amẹ́ríkà lọ lọ́dún 2012. Nígbà tó débẹ̀, kò ráyè fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ tó rí ni kó máa tọ́jú àwọn arúgbó nílé tí wọ́n ń kó wọn sí, òru ló sì ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní mọ̀lẹ́bí lọ́hùn-ún á mọ bó ṣe máa ń rí. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni bàbá á kúrò nílé, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni yóò wọlé, ọmọ á ti lọ síléèwé. Bí ọmọ bá dé, bàbá ń sùn. Bí bàbá bá jí, ó kù díẹ̀ kó jáde. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n bí èrò méjì tó ń pàdé ní gáréèjì ni wọ́n ń ṣe.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé tí ọmọ náà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, fi gbé páálí kékeré kan wálé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Scout tó ń lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Wọ́n tú páálí. Igi páìnì kan tó gùn tó ínǹṣì méje ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú táyà oníke mẹ́rin àti ìṣó mẹ́rin. Ó tán. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, ó ní, 'Kí ni wọ́n ní ká fi èyí ṣe?' Ọmọ ní, 'Mọ́tò ni, Dádì. Èmi àtẹ̀yin la máa jọ ṣe é. A máa fi sáré ìje.'

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn: èmi àtẹ̀yin. Òun ni bàbá ò gbọ́ dáadáa.

MỌ́TÒ TÍ Ò LẸ́ŃJÌNÌ

Pinewood Derby ni wọ́n ń pe eré náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Don Murphy ló dá a sílẹ̀ ní Manhattan Beach, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1953. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfúrufú, North American Aviation, ló ń bá ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ń darí àwọn ọmọdé Scout àdúgbò ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin fẹ́ wọ ìdíje kan tí ọmọdé máa ń jókòó sínú mọ́tò onígi sáré bọ́ láti orí òkè, wọ́n ní ọjọ́ orí ẹ̀ ò tíì tó. Ni bàbá bá ronú ẹ̀ síbòmí-ìn. Bí ọmọ ò bá lè jókòó sínú mọ́tò, ṣé kò lè ṣe èyí tó ṣeé gbé sọ́wọ́ ni, kóun àti bàbá ẹ̀ jọ gbẹ́ ẹ nílé? Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù karùn-ún, ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sá a. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, Boys' Life, gbé e jáde, látìgbà náà ló sì ti dohun tí wọ́n ń ṣe káàkiri Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2008 ni Murphy kú, eré ẹ̀ ò kú.

Mọ́tò ọ̀hún ò lẹ́ńjìnì, kò ní bátìrì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tì í. Ojú ọ̀nà tó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ láti òkè, tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí. Igi kékeré kan ló ń dá wọn dúró lókè. Bí igi yẹn bá ti yẹ̀, kálukú ń bọ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Ojú ọ̀nà náà lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 42, síbẹ̀ gbogbo eré ọ̀hún ò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Kẹ́ ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò, ó ti parí. Wọ́n sì fòfin de ìwọ̀n ẹ̀: kò gbọ́dọ̀ ju áńsì márùn-ún lọ, ìyẹn gíráàmù 141 àti díẹ̀.

Tí gbogbo mọ́tò bá wá ti ibi gíga kan náà gbéra, tí ìwọ̀n wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ló ń jẹ́ kí ọ̀kan ṣáájú? Kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, kì í sì í ṣe àwòrán kìnnìún tí wọ́n yà sí i lára. Ibi tí ihò táyà ti ń ha ara ìṣó ló wà. Ìṣó yẹn ni táyà ń yí lórí ẹ̀, kò sí báárìn níbẹ̀, ike ló ń yí lórí irin ní gbangba. Ìṣó tó bá sì ti ilé iṣẹ́ wá kì í dán. Ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ máa ń fi àpá sí i lára, abẹ́ orí ẹ̀ sì máa ń ní irin tín-ń-tín tó yọ gọnbu, tó jẹ́ pé ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n èékánná á mọ̀ ọ́n. Irin tín-ń-tín yẹn á máa gé táyà jẹ, á máa dì í mú. Mọ́tò tó rẹwà jù lọ lè tìtorí ẹ̀ gbẹ̀yìn.

GÍRÍSÌ DÓJÚ TI MẸKÁNÍÌKÌ

Bàbá ò mọ èyí lọ́dún àkọ́kọ́. Ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ló fi gbẹ́ igi náà, ó kùn ún ní pupa, ó lẹ owó wẹ́wẹ́ mọ́ ọn nídìí kó lè wúwo tó. Ìgbà tó kan ẹsẹ̀ mọ́tò, kò tiẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni mẹkáníìkì ń fi sí ohun tó bá fẹ́ kó máa yí? Gírísì mà ni! Ó kì í sí ihò táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fọwọ́ nu ìyókù mọ́ ṣòkòtò, ó ní kọ́mọ òun máa lọ gba ife.

Lọ́jọ́ ìdíje, ìyá kan tó ń yẹ mọ́tò wò gbé e sókè, ó rí i tí ọ̀rá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ó ní wọn ò gba epo tàbí ọ̀rá kankan láàyè nítorí ó máa ń ba ojú ọ̀nà jẹ́. Wọ́n fi pépà nù ún títí, ṣùgbọ́n ṣé gírísì tó ti wọnú ihò ló máa tán bẹ́ẹ̀? Eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ki bí ẹ̀kọ. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, àwọn yòókù ti dé ìsàlẹ̀, mọ́tò pupa ṣì ń rìn bí ẹni ń lọ sóko tí kò fẹ́ lọ. Kò dé òpin. Ó dúró sójú ọ̀nà. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà fọwọ́ bojú. Ẹni tọ́rọ̀ náà dùn jù ni bàbá, torí gbogbo wọn níbẹ̀ ló ti sọ fún pé iṣẹ́ mọ́tò lòun kọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan, adúláwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, 'Ọ̀rẹ́, eléyìí kì í ṣe mọ́tò ńlá. Ìṣó ni kóo lọ dán. Tó bá dán tán, gráfáìtì ni kóo fi sí i.' Gráfáìtì yìí ò ṣàjèjì o. Nǹkan dúdú inú pẹ́ńsùlù tí ọmọ iléèwé fi ń kọ̀wé náà ni, wọ́n kàn lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè ni. Bí ewé pélébé pélébé tó gorí ara wọn ló rí, ọ̀kan á máa yọ̀ lórí èkejì, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ kí ike máa yọ̀ lára irin láìsí epo. Gbígbẹ ló wà, kì í sì í fa eruku mọ́ra bíi ti gírísì.

'LỌ SÙN, O MÁA BÀ Á JẸ́'

Ìtìjú yẹn wọ bàbá lára. Nígbà tó di oṣù kìíní, ọdún 2023, tí wọ́n tún gbé páálí wálé, ó gbà á lọ́wọ́ ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo alẹ́ tí kò bá ti lọ síbi iṣẹ́, inú gáráàjì ló wà. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ á rò pé owó ló ń tẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Ó ki ìṣó sẹ́nu dírìlì, ó fún un pinpin. Bí dírìlì ti ń yí i, ó ń fi fáìlì kékeré fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ fá abẹ́ orí ẹ̀ títí irin tó yọ gọnbu yẹn fi lọ. Ó mú sáńpépà, ó rẹ ẹ́ sómi, ó wé e mọ́ ara ìṣó. Nọ́ńbà 400 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí 600, ó bọ́ sí 1000, ó fi 2000 tó kúnná bí aṣọ parí ẹ̀. Ẹni tó bá fo ọ̀kan níbẹ̀, àpá èyí tó ṣáájú ò ní í lọ. Lẹ́yìn náà ló wá fi póòlíìṣì irin nù ún, irú èyí tí ṣọ́jà fi ń nu bọ́tìnnì, títí tó fi ń rí ojú ara ẹ̀ níbẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́, torí ọ̀rá ara èèyàn náà ọ̀rá ni. Ó wá bu gráfáìtì sí ihò táyà, ó ki ìṣó bọ̀ ọ́, ó ń yí i, ó tún ń bu òmí-ìn sí i, ó tún ń yí i. Lọ́dún tó kọjá, tó bá ta táyà nífọ́n, á yí fún ìwọ̀nba díẹ̀, á dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, táyà ń yí, ó ń yí, bàbá á mu omi, á gbé ife kalẹ̀, táyà ṣì ń yí.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọmọ sọ̀ kalẹ̀ wá lóru tòun ti aṣọ ìsùn. Ó ní, 'Dádì, ṣé kí n bá yín dì í mú?' Bàbá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, 'Lọ sùn jàre, o máa bà á jẹ́.' Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Wọ́n lọ síbi ìdíje, mọ́tò bàbá, àbí ká ní mọ́tò ọmọ, na gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó bá a dé ibì kankan. Bàbá ń fò sókè, ó ń pariwo, ó ń nawọ́ ya fọ́tò. Wọ́n gbé ife lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ kan tí wọ́n jọ wà níléèwé wá bi í pé, 'Báwo lo ṣe ṣe tiẹ̀ tó fi ń sáré báyìí?' Ọmọ náà la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Ó wo bàbá ẹ̀, ó wolẹ̀.

Inú mọ́tò ni wọ́n wà tí wọ́n ń lọ sílé nígbà tó nawọ́ láti ẹ̀yìn, tó gbé ife náà sórí ìjókòó iwájú. Ó fi òyìnbó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, kò bínú rárá, ó ní, 'Dádì, ife yín rèé.'

Ní tòótọ́, inú kọ́kọ́ bí bàbá. Bí wọ́n bá délé, ó ní ọmọ aláìmoore ni, ó ní òun ò sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ń wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, obìnrin náà ní, 'Dádì, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin àtọmọ yìí, ìgbà wo lẹ jókòó pa pọ̀ gbẹ̀yìn? Àsìkò tẹ́ ẹ ní tẹ́ ò bá fi bá a jókòó, ìṣó lẹ bá jókòó. Kò sì bi yín léèrè ife.' Ibi tí omi ti bọ́ lójú ọkùnrin náà nìyẹn.

ỌWỌ́ Ọ̀GÁ NÍ MUSHIN

Ọ̀gá ẹ̀ ní Mushin ló rántí lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá náà le bí ojú ẹja, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń sá fún un. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, bọ́ọ̀tì ló ń fi bẹntiróòlù fọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀gá wá gbé fáìlì lé e lọ́wọ́ fúngbà àkọ́kọ́, ó ba irin náà jẹ́, irin owó ni o. Ọ̀gá bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n kò gba fáìlì lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, 'Mú òmí-ìn, tún un ṣe.' Ká ní ọ̀gá gbà á ni, tó ní 'Kúrò ńbẹ̀, o máa bà á jẹ́,' bóyá ni ì bá ṣe fìrídọ̀mù láyé. Ọkùnrin tí wọ́n fi sùúrù kọ́ níṣẹ́ ló wá lé ọmọ tiẹ̀ kúrò nídìí iṣẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan o. Àwọn bàbá tó ń gba eré yìí mọ́ ọmọ lọ́wọ́ pọ̀ l'Amẹ́ríkà débi pé wọ́n fi ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan lọ́dún 2005, Down and Derby lorúkọ ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mí-ìn tiẹ̀ máa ń ya ìdíje sọ́tọ̀ fún àwọn bàbá, kí wọ́n lè lọ ṣe tiwọn, kí wọ́n fi tọmọdé sílẹ̀ fọ́mọdé.

Nígbà tó di ọdún 2024, ọmọ ò fẹ́ gbé páálí wálé mọ́. Bàbá ló lọ gbà á. Ó tọrọ ọjọ́ Sátidé mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n yọ owó lára owó oṣù ẹ̀, ó ní kò burú. Ó gbé àpótí méjì sínú gáráàjì, ó pe ọmọ, ó jókòó sórí ọ̀kan, ó gbé fáìlì lé ọmọ lọ́wọ́, ó kó ọwọ́ tiẹ̀ sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ẹ̀ ti ṣe.

Ọmọ ba ìṣó àkọ́kọ́ jẹ́ pátápátá. Ó tẹ fáìlì mọ́ ọn jù, ó gé e wọnú. Ẹ wo ojú bàbá lọ́jọ́ náà! Ọwọ́ ń yún un, ṣùgbọ́n ó mú un mọ́ra. Ó ní, 'Kò sí wàhálà. A máa ra òmí-ìn. Tún un ṣe.' Wọ́n ra òmí-ìn. Ìkejì sàn díẹ̀. Ìkẹta dán. Ìkẹrin ni ọmọ gbé síwájú iná, tó pariwo pé, 'Dádì, ẹ wá wò ó, mo rí imú mi níbẹ̀!' Gráfáìtì ti kùn ún lójú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ìyá ẹ̀ ń pariwo aṣọ.

Ìgbà tó kan ká mọ bí táyà ṣe ń yí pẹ́ tó, bàbá ní kò sáago níbẹ̀ o, ẹnu ni kí wọ́n fi kà á, Yorùbá sì ni. Ọmọ tí kò mọ̀ ju ẹ̀wá lọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí táyà bá ti ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní láti máa wá nọ́ńbà mí-ìn kún un. Lọ́jọ́ Sátidé kejì, wọ́n ka ogún. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kà á dé ọgbọ̀n ó lé méjì. Iléèwé Yorùbá tí wọ́n fẹ́ máa sanwó fún ò kọ́ ọ ní tó bẹ́ẹ̀.

Mọ́tò náà ò gba ife. Ipò kẹfà ló ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje parí, bàbá wá ọmọ ẹ̀ tì. Ìgbà tó máa rí i, àwọn ọmọ bíi mẹ́rin ló yí i ká, ó mú ìṣó tó bàjẹ́ yẹn dání, ó ń fi hàn wọ́n pé, 'Ẹ wo abẹ́ orí ẹ̀ níbí, ibí yìí lẹ ti máa kọ́kọ́ fá a.' Ó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tẹ́ ẹ̀ ń fi òru ṣiṣẹ́ kọ́mọ lè rí jẹ, l'Ékòó ni o, ní Houston ni o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ohun mí-ìn wà tówó ò lè rà fọ́mọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ bà á jẹ́ lójú yín, kẹ́ ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá tún un ṣe.

Lọ́dún 2025, ọmọkùnrin náà ti fẹ́ dàgbà ju eré ọ̀hún lọ. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, ló kàn. Láti ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ náà ti ń gba ọmọbìnrin sọ́wọ̀ọ́ àwọn ọmọdé, nínú oṣù kejì ọdún 2025 ni wọ́n sì yí orúkọ kúrò ní Boy Scouts of America, tí wọ́n sọ ọ́ di Scouting America. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú gáráàjì lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n di dírìlì mú, àbúrò mú fáìlì. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà gbọ̀n, fáìlì yọ̀, ó ha ìṣó. Kí bàbá tó mọ̀, ó ti na ọwọ́ láti gba fáìlì lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọkùnrin náà wo bàbá ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fi Yorùbá sọ ọ́, ó ní, 'Dádì, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe.'

Bàbá kó ọwọ́ sẹ́yìn.